Òdòdó Màmá Tísà àti Igi Obì Bàbá

Aago kò wúlò ní ilé wa ní Mákùn. Ìpè ìrun ló máa ń kọ́kọ́ jí wa. Bí ìrun bá sì ti parí, ìyá mi àti àwọn obìnrin tó ń bá Àlàájà ṣiṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í da obì láti inú apẹ̀rẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì àgbàlá, gìrìgìrì, gìrìgìrì, bí ẹni pé ẹṣin ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹni. Àlàájà ni ìyá tó bí bàbá mi. Gbàǹja ni òwò rẹ̀, òun náà ni òwò ìyá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wọ ilé wa tí kò ní fọwọ́ kan obì kó tó jáde. Àlejò tó bá jókòó pẹ́ díẹ̀, wọ́n á ti apẹ̀rẹ̀ kan síwájú rẹ̀ pé kó máa bá wa ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò lára èyí tó dára. Èmi Ràmọ́tà, iṣẹ́ tèmi ni kí n máa nu ewé gbòdògì tí a ó fi bo obì nínú apẹ̀rẹ̀ kó má baà gbẹ. Mo máa ń nù ún, mo sì máa ń ráhùn. Àlàájà á ní ẹni tó bá ń ráhùn nídìí obì, obì á máa korò lẹ́nu rẹ̀. Títí di òní tí mo ti di ìyá ọmọ, bí mo bá jẹ obì tó korò ju bó ṣe yẹ lọ, mo máa ń rò pé ẹ̀san ìráhùn ìgbà yẹn ni.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni ọdún tí katapílà wọ oko Bàbá ní Lìkọ́sì. Bàbá, ìyẹn ọkọ Àlàájà, ti kú kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n igi obì kan wà lóko rẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn lọ́dún tó gbé Àlàájà níyàwó. Obì funfun ni igi náà ń so. Ẹni tó bá mọ òwò gbàǹja á mọ̀ pé obì pupa ló pọ̀, funfun ló ṣọ̀wọ́n, síbẹ̀ Àlàájà kì í ta ti igi yẹn. Ó máa ń fi ta ènìyàn lọ́rẹ ni, ó ní obì ìfẹ́ kì í wọ ọjà. Nígbà tí wọ́n wá sọ pé ọ̀nà tuntun á gba àárín oko kọjá, gbogbo ilé ń sunkún ilẹ̀. Àlàájà kò sunkún ilẹ̀ ní tirẹ̀. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Lìkọ́sì, àgbàlagbà obìnrin bẹ́ẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun ká ìwọ̀nba obì tó kù lórí igi yẹn, ó dì í mọ́ inú ìborùn rẹ̀, ó sì gbé e wọlé bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó ní, "Wọ́n lè mú ilẹ̀. Ugi ọkọ mi, wọn ò ní í rí i mú." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń pe igi, ugi, bó ṣe ń pe ilé ní ulé. Àwa ọmọ tí a ń lọ sílé ìwé máa ń sín in jẹ lẹ́yìn rẹ̀, a ó sì dákẹ́ wẹ́lo bó bá bojú wẹ̀yìn.

Obì kì í tètè hù. Inú iyanrìn tútù ló rì wọ́n sí, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò wọ́n, kò sì sí àárọ̀ kan tí kì í lọ ṣí i wò kó tó jẹun. Bí a bá ń jẹ ìkókóre lọ́wọ́, á tún dìde, á ní òun ń bọ̀. Ìyá mi á ní kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ obì sùn. Nígbà tí wọ́n wá hù tán, tí wọ́n ga tó ìka ọwọ́, ọ̀rọ̀ ibi tí a ó gbìn wọ́n sí dé. Sìmẹ́ǹtì ni gbogbo àgbàlá wa, nítorí obì tí à ń tà kò gbọdọ̀ fara kan erùpẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí ilẹ̀ ti rí afẹ́fẹ́ ni ìdí ọgbà oníwáyà tó pààlà sáàárín àwa àti Màmá Tísà. Ibẹ̀ ni Àlàájà tò wọ́n sí, ó sì kìlọ̀ pé ọmọ tó bá gbá bọ́ọ̀lù débẹ̀, òun pẹ̀lú rẹ̀ ni.

Màmá Tísà, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ló sì fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ. Opó bíi ti Àlàájà ni, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn débi pé bí Àlàájà bá se ìkókóre, abọ́ Màmá Tísà ni wọ́n á kọ́kọ́ bù. Bí ọdún Kérésì bá dé, adìẹ tirẹ̀ náà á gba orí wáyà kọjá wá sọ́dọ̀ wa. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn ènìyàn fi ń bú u lẹ́yìn ni òdòdó tó gbìn sídìí ọgbà yẹn. Ẹ mọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń kún ẹ̀bá ọ̀nà, tó máa ń ga ju ènìyàn lọ, tí ewé rẹ̀ korò bí ewúro. Òun ni. Igbó ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n Màmá Tísà bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò lójú ọ̀nà Ìpẹ̀rú, ó gé ọ̀pá rẹ̀ wálé, ó sì gbìn ín lọ gbọọrọ. Ó ní koríko tó bá ti lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ ti kúrò ní koríko. Òótọ́ ni pé ó lẹ́wà. Bó bá ti tanná tán, àwọn tó ń kọjá lọ sí Òfin á dúró wò ó.

Àdúrà ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Bí a bá ti kírun tán lọ́dọ̀ wa, Màmá Tísà náà á jáde síta, á máa rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà yẹn, nítorí ó ní ibẹ̀ ni atẹ́gùn wà. Orúnkún ló ń dùn ún lọ́dún náà, ó sì ti kó orúnkún náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́ pẹ̀lú ohùn tísà tó fi ń bá kíláàsì tó kún fọ́fọ́ sọ̀rọ̀. Àdúrà kan wà tí kò ní ṣe kó má gbà: "Ohunkóhun tí Ọlọ́run kò bá gbìn, kó gbẹ! Kó gbẹ láti orí dé gbòǹgbò!" Á pàtẹ́wọ́, á sì ṣe Àmín fúnra rẹ̀. Àlàájà á wà ní ìhà tiwa, á máa bomi rin obì rẹ̀, á sì máa gbọ́. Kò kọbi ara sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Àfi ìgbà tí èyí tó wà ní ìpẹ̀kun bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lójú ewé, tó tẹ orí ba, tó sì gbẹ. Kò pẹ́, èyí tó tẹ̀ lé e náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo rántí àárọ̀ tí Àlàájà pe bàbá mi jókòó. Gàníyù ni orúkọ bàbá mi, ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í sì í fẹ́ ìjà. Àlàájà ní àdúrà Màmá Tísà ló ń pa obì òun. Bàbá mi ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ìyá náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àlàájà wá bi í léèrè pé ta ló gbin obì yẹn.

Bàbá mi ní, "Ẹ̀yin ni, Àlàájà."

"Ṣé èmi ni Ọlọ́run?"

"Rárá o, Àlàájà."

"Ó parí. Ohun tí Ọlọ́run ò gbìn, kó gbẹ. Èmi ni mo gbìn ín. Ó sì ń gbẹ."

Bàbá mi gbìyànjú láti ṣàlàyé pé kò sí ohun tí ẹ̀dá gbìn tí kì í ṣe Ọlọ́run ló gbìn ín. Àlàájà ní òun mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ṣé àdúrà náà mọ̀ ọ́n? Mo ti jókòó ti àwọn amòfin àti àlùfáà láti ìgbà náà wá, n kò tíì rí ẹni tó lè dáhùn ìbéèrè yẹn kó tẹ́ mi lọ́rùn.

Àlàájà kì í ṣe ẹni tó lè lọ ká ọ̀rẹ́ mọ́lé kó ní àdúrà rẹ̀ ń pa òun lára. Ojú ń tì í, kò sì fẹ́ kí ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì bàjẹ́. Ó wá ń fọgbọ́n jà. Ó kọ́kọ́ ní kí n máa ṣa àwọn ewé òdòdó Màmá Tísà tó bá já bọ́ sí ìhà tiwa, ká máa kó o jọ nípọn sídìí obì, kó lè bò wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti lọ́wọ́ ohùn. Mo ṣa ewé títí ọwọ́ mi ń korò. Bí Màmá Tísà bá rẹ́ òdòdó rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á na èyí tó gé sí wa láti orí wáyà, á ní, "Ràmọ́tà, gbà, bá Àlàájà fi bo ìdí igi rẹ̀." Àlàájà á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì yíjú sí mi pé ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń dára lójú. Obì tún gbẹ. Lẹ́yìn èyí ló gbé rédíò alákásẹ́ẹ̀tì jáde, ó kọjú rẹ̀ sí ọgbà, ó sì ń gbé Àlùkùránì sí i ní àkókò àdúrà Màmá Tísà gan-an, kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lè gba obì òun sílẹ̀. Màmá Tísà rò pé ẹ̀sìn ló tún wọ Àlàájà lára sí i. Ó yìn ín fún ìyá mi, ó sì gbé ohùn tirẹ̀ náà sókè, kó má baà jẹ́ òun nìkan ni yóò dẹwọ́. Àdúgbò wa kò rí oorun àárọ̀ sùn mọ́. Ní àárín ohùn méjèèjì, obì ń gbẹ lọ ní jẹ́jẹ́.

Èyí tó kù kò pọ̀ mọ́ nígbà tí Àlàájà hú ọ̀kan, ó gbìn ín sínú abọ́ irin kan tí ìdí rẹ̀ ti lu, ó sì gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń ṣe àlùwàlá. Ibẹ̀ jìnnà sí ọgbà, omi búútà á sì máa ta sí i lára. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èyí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ewé tuntun, ara rẹ̀ ń dán. Àlàájà kó gbogbo wa jọ wá wò ó. Ó ní ẹ̀rí dé o, àdúrà Màmá Tísà kò lè débí. Ẹ̀rù Màmá Tísà bẹ̀rẹ̀ sí í ba èmi pàápàá. Bí ó bá fún mi ní bisikíìtì, mo máa ń ṣe bísímílà kí n tó ṣí i.

Nígbà tó yá, ọmọ Màmá Tísà bímọ ní Ìbàdàn, ó sì lọ bá a tọ́jú ọmọ. Ilé rẹ̀ pa lọ́lọ́. Àlàájà pa rédíò, gbogbo àdúgbò sì sinmi. Ó ní àwọn tó kù nídìí ọgbà á gbádùn báyìí. Àmọ́ wọn kò gbádùn o. Wọ́n tún gbẹ kíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, títí ó fi ku ẹyọ kan tó wà nínú abọ́ yẹn. Àlàájà jókòó sórí àpótí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò jẹun. Ó wá pè mí, ó ní kí n má purọ́ fún òun, èmi tí mo mọ ìwé: fóònù tí Màmá Tísà fi ń kí wa láti Ìbàdàn yẹn, ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ lè gbé àdúrà? Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Igi ọkọ rẹ̀ ti ku ẹyọ kan láyé. Bí èyí bá lọ, kò tún sí ohun tí ọwọ́ Bàbá kàn tó ṣì ń mí.

Ìyá mi ló tú àṣírí náà, kò sì mọ̀ pé òun ń tú u. Ó ń gbálẹ̀ lọ́sàn-án yẹn kan náà, ó dé ìdí ọgbà, ó nà tàntàn, ó sì ń yin òdòdó Màmá Tísà tó ti ga ju orí lọ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń gé e. Ó ní òun fẹ́ràn òdòdó yìí o, láti ìgbà tó ti wà níbẹ̀, òun kò tíì fi ọkọ́ ro ìdí ọgbà yìí rí, kì í jẹ́ kí koríko kankan hù. Ó tún gbá ilẹ̀ díẹ̀. Àlàájà kò jẹ obì tó wà lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ní kí ìyá mi tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Ìyá mi tún un sọ, ẹ̀rù sì ti ń bà á. Àlàájà dìde, ó lọ bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ náà. Òótọ́ ni. Kò sí ewé tẹ̀tẹ̀ kan, kò sí koríko, ilẹ̀ mọ́ fónífóní bí ẹni pé wọ́n fá a lórí. Ó wo òdòdó, ó wo ewé tí mo kó jọ nípọn sídìí àwọn òkú obì, ó sì wo ọwọ́ mi.

Nígbà tí Màmá Tísà dé, Àlàájà kò jẹ́ kó sinmi. Ó mú un lọ sídìí ọgbà, ó sì bi í léèrè pé ṣé koríko lè pa igi láìfọwọ́ kàn án. Màmá Tísà ti lanu láti dáhùn bí tísà, ó ti na ìka sókè pàápàá, ni ojú rẹ̀ bá yí padà. Ó di wáyà mú. Ó ní, "Àlàájà, èmi ni mo ń kọ́ wọn ní kíláàsì." Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní koríko kò ní ẹsẹ̀ tó lè fi sá, kò sì ní ẹ̀ṣẹ́ tó lè fi jà, oró inú ara rẹ̀ ni àwọn kan fi ń lé aládùúgbò. Ewé á bọ́, òjò á fọ oró náà wọ ilẹ̀, gbòǹgbò pàápàá á máa tú tirẹ̀ jáde lábẹ́lẹ̀. Irúgbìn tó bá wà nítòsí kò ní lè na gbòǹgbò, á kàn máa rù ni títí á fi gbẹ. Ó ní òdòdó yìí wà lára wọn, òun kọ ọ́ sójú pátákó fún àìmọye ọmọ, ẹwà rẹ̀ ni kò jẹ́ kí òun rántí. Àlàájà ní, "Ẹ wò ó, ìwọ̀n lewéko ń dára mọ." Ojú ti Màmá Tísà débi pé kò lè gbórí sókè.

Ibi tí mo rò pé ìjà á ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àlàájà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọ tó fọ́ àwo.

"Màmá Tísà, ẹ má bínú. Mo ti fi yín sun Ọlọ́run. Mo ní àdúrà yín ló ń pa ugi mi."

Màmá Tísà gbórí sókè. "Rédíò yẹn, Àlàájà. Èmi náà ti fi yín sùn."

Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí Màmá Tísà fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó sì gba ènìyàn mẹ́ta kó tó lè dìde.

Ó hú òdòdó rẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ṣùgbọ́n ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ á ṣì pẹ́ kó tó gbàgbé. Èyí tó wà nínú abọ́ kò sì lè dúró dè é, gbòǹgbò rẹ̀ ti ń yọ nídìí abọ́. Ìgbà náà ni Màmá Tísà ní kí Àlàájà gbé e wá sí iwájú ilé òun. Ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Lọ́dọ̀ wa, o lè yá ènìyàn nílẹ̀ kó fi gbin ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo, ṣùgbọ́n o kì í jẹ́ kó gbin obì sí i, nítorí ẹni tó bá ní igi á fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀. Ẹjọ́ irú rẹ̀ wà láàfin tí ọmọ-ọmọ ń bá ọmọ-ọmọ ṣe. Àkọ́bí Màmá Tísà gbọ́ ọ ní Èkó, ó sì wá pẹ̀lú ìbínú. Ó ní lọ́la àwọn ará ilé obì yìí á dé, wọ́n á ní igi bàbá àwọn ló wà níbẹ̀. Màmá Tísà ní igi bàbá wọn ni lóòótọ́. Ó ní kí ó jẹ́ kí òun àti Àlàájà kọ́kọ́ kú ná, kí wọ́n tó máa jà. Ó gbẹ́ ihò náà fúnra rẹ̀, Àlàájà gbé obì sí i, láti ọjọ́ náà ni àdúrà àárọ̀ sì ti yí padà díẹ̀: ohunkóhun tí Ọlọ́run kò bá gbìn, yàtọ̀ sí èyí tí Àlàájà gbìn.

Mo ti ń múra àtilọ sí yunifásítì kí igi yẹn tó so. Màmá Tísà ní kí wọ́n ká èso àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò là á, ó ránṣẹ́ pe Àlàájà ni. Èmi ni mo di Àlàájà lọ́wọ́ mú débẹ̀, èmi náà ni mo gbé àwo. Ó ṣe bísímílà, ó fi ọ̀bẹ la èso náà, gbogbo wa sì tẹ orí síbẹ̀ láti rí funfun. Pupa ni. Pupa fòò ni gbogbo wọn, kò sí ẹyọ kan tó funfun. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé obì funfun lè bí pupa, nítorí kòkòrò máa ń gbé lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó láti orí igi mìíràn wá. Kò sí ẹni tó mọ ìyẹn lọ́jọ́ náà. Ọkàn mi bàjẹ́ fún un, n kò mọ ibi tí mo lè kọjú sí.

Àlàájà wo obì. Ó gbójú sókè, ó wo Màmá Tísà tó pupa débi pé àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Òyìnbó. Ó wá wo awọ ara tirẹ̀ tó dúdú bí kóró iṣin.

Ó bá ọkọ rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀, ó ní, "Bàbá Gàníyù, ojú mi báyìí lẹ ṣe lọ fẹ́ ìyàwó pupa."

Màmá Tísà rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi bọ́. Ó ní, "Àlàájà, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín mú un wá bá mi."

Àlàájà la ẹyọ kan sí méjì, ó na ìdajì sí i, ó sì ju ìdajì tirẹ̀ sẹ́nu. Eyín rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, ó jẹ ẹ́ pẹ́, a sì dúró tì í. Lẹ́yìn náà ó ní, "Òun ni. Ugi ọkọ mi ni." Ó mi orí, ó tún un sọ pé òun ni, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀ gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fi ń jẹ obì.